Stẹ́ǹtì tó máa ń yọ́ sínú ara: bàbá mi ní àwọn ò gba irin sí ọkàn

Ọmọ Tísà:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi, ẹni ọdún 68, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní oṣù mẹ́rin báyìí tí àyà máa ń fún wọn pọ̀ tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn tàbí tí wọ́n bá yára rìn, tí wọ́n bá ti jókòó ó ti lọ nìyẹn. A gbé wọn wá sí Chennai ní Íńdíà, dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ti dí tó ìdá 80 nínú 100, pé òun máa ki stẹ́ǹtì bọ̀ ọ́, ìyẹn páìpù kékeré bí àwọ̀n, irin ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, òun ló máa ń gbé iṣan ró kó má baà dí. Bàbá fárígá. Wọ́n ní àwọn ò gba irin sára, ẹnikẹ́ni ò sì ní sin àwọn tàwọn tirin. Àbúrò mi wá rí nǹkan lórí WhatsApp pé Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí stẹ́ǹtì kan tó máa ń yọ́ tán sínú ara. Látìgbà tí Bàbá ti gbọ́, ìyẹn nìkan ni wọ́n ń sọ. Ṣé ó wà lóòótọ́? Ṣé kí n sọ fún dókítà pé ìyẹn la fẹ́? Ọjọ́ méje ló kù fún wa níbí o.

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ó wà, kì í ṣe àlá. Kát láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti máa ń ki wáyà gba ọrùn ọwọ́ tàbí orí itan lọ sínú iṣan ọkàn, ọwọ́ mi yìí ló sì ṣí páálí stẹ́ǹtì tó ń yọ́ yẹn láìmọye ìgbà láàárín 2013 sí 2017. Absorb lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Abbott ló ṣe é. Àmọ́ ẹ má tíì lọ bá dókítà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ná.

Kì í ṣe irin rárá. Ike ni, àmọ́ kì í ṣe irú ike tí wọ́n fi ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣáà mọ omíkan, omi orí ògì? Ásíìdì tó mú un kan yẹn náà ni wọ́n so mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n gígùn títí tó fi le. Tó bá dénú ara, omi ara á máa já ẹ̀wọ̀n yẹn díẹ̀díẹ̀, á padà di ásíìdì, ara á wá lò ó bó ṣe ń lo èyí tí ẹran ara wa máa ń mú jáde tá a bá sáré, á di omi àti èémí tí à ń mí síta. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló ń gbà kó tó lọ tán. Oògùn sì wà lára rẹ̀ tí ò ní jẹ́ kí ẹran tún hù dí ojú ibẹ̀.

Inú wa dùn nígbà tó dé, n ò ní purọ́. Ẹ wo àwọn tó ń da dẹ́kìn ilé, wọ́n á fi pákó gbé e ró, tí sìmẹ́ǹtì bá ti gan wọ́n á yọ pákó kúrò. Iṣan tí wọ́n fi bàlúùnù ṣí náà nìyẹn, oṣù mélòó kan ló nílò ẹni tó máa gbé e ró, tó bá ti jinná ó parí. Àmọ́ pákó tiwa, irin ni, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Ibi tó wà ò lè fẹ̀ kó sún kì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá sì di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ báípáàsì lọ́jọ́ iwájú, èyí tí wọ́n fi ń la ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀, wọn ò lè rán nǹkan mọ́ ojú ibẹ̀. Lọ́dọọdún náà, bí èèyàn 2 sí 3 nínú 100 tó gbé irin yẹn ni ojú ibẹ̀ ṣì máa ń dà láàmú, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Torí náà ẹni tó ronú pákó tó máa yọ ara rẹ̀, orí rẹ̀ pé. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sára èèyàn kí 2000 tó dé.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé kó tó yọ́ tán ńkọ́?

———

Akin Houston:

Àǹtí, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yẹn. FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Absorb ní 2016, mo rántí dáadáa, gbogbo tẹlifíṣọ̀n níbí ló gbé e. FDA ò kì í fọwọ́ sí rádaràda.

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Ẹ̀gbọ́n Akin, òótọ́ lẹ sọ, July 5, 2016. Àmọ́ ẹ ò dúró wo àjókù ẹ̀. March 2017, oṣù kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, FDA yìí kan náà ló kọ lẹ́tà sáwọn dókítà pé kí wọ́n ṣọ́ra. Wọ́n ti tẹ̀ lé èèyàn 2,008 fún ọdún méjì, àwọn kan gba ike, àwọn kan gba irin tó ní oògùn lára. Lára àwọn onike, 11 nínú 100 ló kú ikú ọkàn tàbí tó ní háàtì àtáàkì láti ojú iṣan yẹn tàbí tí wọ́n tún ní láti padà wá ṣí i. Lára àwọn onírin, 7.9. Ti ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú rẹ̀, 1.9 sí 0.8.

Ní Netherlands tiẹ̀ wá burú jù. AIDA ni wọ́n pe ìwádìí tiwọn, ẹ̀jẹ̀ dì sínú ike fún èèyàn 31 nínú 924, sínú irin fún èèyàn 8 nínú 921. September 2017 ni Abbott fúnra wọn ní àwọn ò tà á mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ kan la kó gbogbo páálí rẹ̀ kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀fù, wọ́n gbé e lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

———

Ìyá Ìbejì:

Kí ló wá fà á tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì síbẹ̀? Ṣé ara ń kọ̀ ọ́ ni?

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Ara ò kọ̀ ọ́ mà. Ó nípọn ni. Ike ò lágbára tó irin, kó tó lè gbé iṣan ró wọ́n ní láti jẹ́ kó ki. Tẹ́ ẹ bá gé mìlímítà kan sọ́nà 1,000, igi ara Absorb tó 157 nínú rẹ̀, ti onírin tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 81. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Inú ihò tí ò fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́ta lọ ni kinní yìí ń lọ o. Ẹ fi igi tó nípọn dábùú gọ́tà kẹ́ ẹ wo bí pàǹtírí á ṣe kó jọ síbẹ̀.

Fífi sí i gan-an, wàhálà ni. Irin máa ń hàn lójú X-ray, ike ò hàn. Gbogbo ohun tá a máa ń rí ò ju àmì kékeré mẹ́rin lọ bí ẹnu abẹ́rẹ́, méjì lápá ibí, méjì lápá ọ̀hún, láti mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ohun tó wà láàárín, àfi kéèyàn gbà á gbọ́. Dókítà á ní kí n fẹ́ bàlúùnù díẹ̀, kí n ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí n tún fi díẹ̀ kún un, kí n tún kà, torí téèyàn bá kánjú tàbí tó fẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ike á là, kò sì sẹ́ni tó máa rí i pé ó là. Apá mi máa ń ro mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa àwọn àmì mẹ́rin yẹn fún Bàbá Tísà. Platinum ni, irin kan nìyẹn. Kì í yọ́. Ike á lọ, àwọn yẹn á wà ńbẹ̀. Torí náà ẹni tó gba èyí tó ń yọ́ náà, wọ́n á sin ín tòun ti irin bíńtín.

———

Ọmọ Tísà:

Háà. Mi ò tíì lè sọ ìyẹn fún wọn o.

———

Akin Houston:

Mo gba ti nọ́ńbà, àmọ́ ọwọ́ àwọn dókítà ló ba nǹkan yẹn jẹ́, kì í ṣe nǹkan yẹn. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ dókítà ọkàn ní wọ́n ń fi sínú iṣan tó kéré jù, wọn ò kọ́kọ́ fi bàlúùnù la ọ̀nà dáadáa, wọn ò sì padà wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Apá kan òótọ́ nìyẹn. La ọ̀nà, wọn ibẹ̀ dáadáa, padà wá tẹ̀ ẹ́, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nígbà tó yá nìyẹn, iṣan kéékèèké sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dì jù lóòótọ́. Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn èèyàn 2,008 yẹn dé ọdún márùn-ún, lẹ́yìn ọdún kẹta tí ike ti lọ, ewu tó fi ju ti irin lọ dópin. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Absorb gan-an nìyẹn, pé ohun tí wọ́n rò ò burú, ọ̀nà ibẹ̀ ni wọn ò là já. Àmọ́ irin tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, àwọn dókítà kan náà ló fi í sí i, ọwọ́ wọn náà ni, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀gá nìkan ló máa mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní fún bàbá mi.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà, mi ò ní sọ ilé ìwòsàn. Ike ni wọ́n fi sí i. Wọ́n fún un ní asipirín àti clopidogrel, oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo èèyàn, ìwé tí wọ́n kọ fún un ní oṣù 12, torí iye tí wọ́n ń kọ fún àwọn onírin nìyẹn, kò sẹ́ni tó ronú pé ike á ṣì wà ńbẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12. Ó pé, ó dá clopidogrel dúró, ọmọlúàbí èèyàn, ó tẹ̀ lé ìwé. Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, aago mẹ́ta òru, èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sáré gbé e wọlé, ó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Nígbà tí wọ́n ki kámẹ́rà tín-ín-rín wọnú iṣan yẹn, a rí ike tó ti ń yọ́ lápá kan, tó ti kúrò lára ògiri, tó rọ̀ dábùú ojú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ sì ti dì mọ́ ọn lára. Ó yè, a dúpẹ́. Irin ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri lóru ọjọ́ yẹn.

———

Bàbá Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú àròyé. Irin méjì ló wà nínú àyà tèmi láti 2014. Mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà, ẹ̀rọ yẹn ò pariwo. Wọ́n ti tì mí wọnú MRI, ẹ̀rọ olóòfà tó ń ya àwòrán inú ara, nítorí ẹ̀yìn mi, kò fà á jáde. Àwọn èèyàn ní àrá máa sán pa mí, àrá ti sán ní àdúgbò wa àìmọye ìgbà, tẹlifíṣọ̀n mi ló bàjẹ́. Kí bàbá yẹn fọkàn balẹ̀.

———

Ìyá Ìbejì:

Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín Bàbá 😂

———

Onílera:

Gbogbo ariwo stẹ́ǹtì yìí, òyìnbó ló fẹ́ gba owó yín. Ayù, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ mu ún fún ogójì ọjọ́, ọ̀rá tó dí iṣan á yọ́ dànù. Ẹ̀gbọ́n mi lò ó.

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Ọ̀rá inú iṣan kì í ṣe ọ̀rá orí ọbẹ̀ tó máa yọ́ téèyàn bá gbé e kaná. Inú ògiri iṣan ló wà, ògiri tí kálísíọ́mù ti mú gan bíi sìmẹ́ǹtì nígbà míì, nígbà míì gan-an bàlúùnù ò lè fọ́ ọ. Ayù inú ọbẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ ń lọ̀ mu ní kọ́ọ̀bù kọ́ọ̀bù, tí ẹni náà bá ń lo asipirín àti clopidogrel lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ lè má dá tó bá ń dà. Kí ẹni tó bá ń mu ún sọ fún dókítà, kó má fi pamọ́.

Àmọ́ Onílera ò kúkú jẹ̀bi tán, torí ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì bi Ọmọ Tísà. Ṣé dandan ni stẹ́ǹtì ọ̀hún, ì báà jẹ́ irin ì báà jẹ́ ike? Bàbá tí àyà ń fún nígbà tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, tó ń lọ tí wọ́n bá jókòó, yàtọ̀ sí ẹni tí háàtì àtáàkì gbé dé lóru. Ti ẹni òru, kí wọ́n ṣí i kíá, ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀. Ti bàbá, wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀, ISCHEMIA ni wọ́n pè é, èèyàn 5,179, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Àwọn tí wọ́n yára ṣí iṣan wọn àti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sórí oògùn nìkan, iye tó kú ò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àyà fífún rọlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣí tiwọn. Torí náà ẹ bi dókítà ohun méjì. Iṣan wo ni? Tó bá jẹ́ ìdí ìpìlẹ̀ iṣan ọkàn ti apá òsì, kó tó pín sí ẹ̀ka, ìyẹn ò sí nínú ohun tí mò ń sọ yìí. Ìkejì, oògùn wo ni bàbá ti lò, fún ìgbà wo?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohun tí àbúrò yín rí lórí WhatsApp síbí.

———

Ọmọ Tísà:

Òun nìyí. Ó ní April 2024, FDA fọwọ́ sí stẹ́ǹtì tó ń yọ́, ti Abbott, Esprit BTK. Ẹ̀yin lẹ ní Abbott ti dá a dúró.

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Mo ti fura. Àbúrò, ẹsẹ̀ nìyẹn o! Ti ìsàlẹ̀ orúnkún ni, fún àwọn tí iṣan ẹsẹ̀ wọn dí débi pé egbò ò jinná, tí wọ́n lè gé ẹsẹ̀ wọn, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ike kan náà ni lóòótọ́, wọ́n ti mú un tín-ín-rín sí i, wọ́n dán an wò lára èèyàn 261, ó ju bàlúùnù lásán lọ níbẹ̀. Ó sì bọ́gbọ́n mu kó dáa níbẹ̀, torí fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bàlúùnù lásán ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, kò sí irin tó ń bá a du ipò. Àmọ́ ẹni tó kọ̀wé yẹn sórí WhatsApp gé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó wá kù stẹ́ǹtì tó ń yọ́ nìkan.

———

Akin Houston:

Ṣé kò wá sí ti ọkàn mọ́ rárá nìyẹn?

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Ó wà. Ilé iṣẹ́ Biotronik ti Jámánì ló fi magnesium ṣe é, irin ni magnesium náà o, irin tó ń yọ́, èyí sì yára ju ike lọ, láàárín ọdún kan ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Magmaris ni àkọ́kọ́, 2016 ni wọ́n gbà á láyè ní Yúróòpù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n pe tuntun ní Freesolve, February 2024 ló gba àṣẹ níbẹ̀. Ní Íńdíà tẹ́ ẹ wà yẹn náà, ilé iṣẹ́ Meril ṣe tiwọn, MeRes100, igi ara tiẹ̀ jẹ́ 100, kò nípọn tó Absorb. Inú mi dùn sí gbogbo wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tó wà nínú ìwádìí kọ́kọ́ gbé e fún ọdún márùn-ún, mẹ́wàá, kó fọwọ́ síwèé pé òun mọ̀ pé ìdánwò ni. Irin olóògùn ti òde òní, èèyàn tó ti gbé e pọ̀ bí omi. Ẹni ọdún 38 tí ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn, mo lè bá a jókòó sọ ọ́. Bàbá ẹni ọdún 68, rárá.

Ti owó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin olóògùn rẹ́ yín jẹ. Látìgbà February 2017 ni ìjọba Íńdíà ti de owó stẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, nígbà yẹn wọ́n fi irin lásán sí rupee 7,260, olóògùn àti èyí tó ń yọ́ sí 29,600 bákan náà. Wọ́n ti ń tún un ṣe látìgbà náà, ẹ bèèrè èyí tó wà lóde báyìí, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ stẹ́ǹtì àti iye rẹ̀ lọ́tọ̀ sórí ríṣíìtì.

———

Ọmọ Tísà:

Ẹ ṣé gan-an Àǹtí, ẹ̀yin náà Bàbá Ìbàdàn. Mo bi dókítà. Ó ní kì í ṣe ìdí ìpìlẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ka rẹ̀ ni. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n ti ń lò láti Nàìjíríà fún oṣù mẹ́ta, àyà ò yé fún wọn, kódà wọ́n ti ń sùn ní pálọ̀ kí wọ́n má baà gòkè. Mo bi í nípa èyí tó ń yọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn fi Absorb sí i fún èèyàn púpọ̀ nígbà kan, òun ò ní fún bàbá òun. Ọ̀rọ̀ yín gan-an.

Ó wá mú irin kan tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn jáde, ó jẹ́ kí Bàbá gbé e sórí ìka. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní ṣé ohun tí gbogbo yín ń bá mi fà nìyí, èyí ò tó ìdá mẹ́wàá pínnì tí mo fi ń so ìwé ìdánwò. Màmá mi ló wá kó wọn láyà jẹ lórí fóònù, wọ́n ní Tísà, irin tí wọ́n fi dí eyín yín lọ́dún tí a bí ọmọ yìí, ta ló yọ ọ́? Bàbá ò sọ nǹkankan. Wọ́n ní kí n mú bírò wá.

Ọ̀la ni. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ní àwọn máa gbà wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí Bàbá fi ń kọ̀wé. Ṣé kò léwu?

———

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:

Kò léwu, ibẹ̀ ni èmi náà fẹ́ràn jù, wọ́n á lè dìde rìn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á so bàńdì kan mọ́ ọn kí ẹ̀jẹ̀ má baà tú, tó bá fún jù tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú kí wọ́n pariwo. Kí wọ́n má fi ọwọ́ yẹn gbé báàgì ní ẹ́yápọ́ọ̀tù. Oògùn méjèèjì, ẹ ka iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Chennai, ẹ kó ti oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá ìkejì dúró síwèé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sí màmá yín lónìí.